"Fọkàn Balẹ̀, Oyún Á Dé": Ohun Tí Másùnmáwo Lè Ṣe sí Ìrètí Ọmọ àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Obìnrin tí ó bá ti wọlé ọkọ ní ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ọdún yípo lé e lórí tí a kò sì tíì bá a jẹ ìkómọ, gbólóhùn kan wà tí etí rẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́. Ìyá ọkọ á sọ ọ́, alájọgbé á sọ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ á sọ ọ́, ẹni tí ó ń gbàdúrà fún un náà á sì fi kún àdúrà: "Fọkàn balẹ̀, oyún á dé. Ìrònú rẹ ti pọ̀ jù, òun ni kò jẹ́ kí ọmọ dúró." Àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn, ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, a óò rí i pé nǹkan méjì ni ó so pọ̀: ó ní àìbalẹ̀ ọkàn ń dí ọmọ lọ́nà, ó sì ní obìnrin náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́. Èkejì ni mo fẹ́ bá jà níhìn-ín, nítorí pé mo ti rí ohun tí ó ń fi ojú àwọn obìnrin rí, èmi alára sì wà lára wọn.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Jórinjórin ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Pobẹ̀. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí a ti ń wojú Olúwa fún ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń sọ fún mi ṣáá pé ìrònú mi ni ó fa ọ̀rọ̀ náà, mo pinnu láti wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, mo ka ohun tí mo lè kà, mo sì bi àwọn tí iṣẹ́ wọn ni léèrè.

Lóòótọ́, ọ̀nà kan wà tí ìdààmú fi lè dé ilé ọmọ. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ wa ni ibì kékeré kan wà, ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde tí ẹyin fi ń gbó nínú obìnrin, tí àtọ̀ sì fi ń dá nínú ọkùnrin. Àṣẹ náà kì í wá léraléra láìsinmi. Ó ń wá, ó ń dúró, ó tún ń wá, ní ìwọ̀n bí wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ní àwọn ọjọ́ tí ẹyin ń gbó lọ́wọ́. Kókó kékeré kan tí ó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ ni ó ń gba àṣẹ náà, òun ni ó sì ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀ tí yóò mú kí ilé ẹyin ṣiṣẹ́. Nígbà tí ara bá rò pé ewu ńlá dé, bóyá ìyàn ni o, bóyá ogun ni, àwọn èròjà tí ó ń pèsè láti fi dojú kọ ewu náà lè fa àṣẹ yìí sẹ́yìn. Ìdákúrekú rẹ̀ á dàrú, ẹyin lè má gbó, nǹkan oṣù sì lè dáwọ́ dúró. Ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945 jẹ́ ẹ̀rí kan tí àwọn oníṣègùn ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Netherlands, ebi pa ènìyàn pa, nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin sì dúró, iye ọmọ tí a bí ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ kíyè sí i pé ebi àti ẹ̀rù ni ó jọ wà níbẹ̀, kò sì rọrùn láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ìyẹn ni ti ogun àti ìyàn. Ti gbèsè ńkọ́, ti iṣẹ́, ti ìyá ọkọ tí kò dákẹ́? Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín tọkọtaya 501 ní ìpínlẹ̀ Michigan àti Texas. Wọ́n gba itọ́ àwọn obìnrin náà, wọ́n sì wọn èròjà kan tí a ń pè ní alpha-amylase, èyí tí ó máa ń pọ̀ nígbà tí ara bá wà nínú másùnmáwo. Àwọn tí èròjà yìí pọ̀ jù lọ lára wọn, àǹfààní wọn láti lóyún lóṣooṣù fi nǹkan bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ó kéré jù lọ lára wọn. Ṣùgbọ́n cortisol, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí họ́mọ̀nù másùnmáwo gan-an, tí wọ́n sì tún wọ̀n nínú itọ́ kan náà, kò fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Ní ọdún 2018, ìwádìí mìíràn tí obìnrin tí ó lé ní 4,700 kópa nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi hàn pé àwọn tí másùnmáwo wọn ga jù lọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí àwọn fúnra wọn fún ìbéèrè, àǹfààní tiwọn fi nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Àwọn iye wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn máa ń sáré gbé ka orí obìnrin, ó sì yẹ kí a kà wọ́n bí ó ti yẹ kí a kà wọ́n. Nínú 100 tọkọtaya tí ara wọn dá, tí ọjọ́ orí wọn kò sì tíì lọ, nǹkan bí 20 sí 25 ni ó ń lóyún nínú oṣù kan ṣoṣo. Bí a bá yọ 29 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú 20, ó ku nǹkan bí 14. Èyí túmọ̀ sí pé oyún lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ti tì. Ìwádìí kan tún wà tí àwọn tí ó ń bá wa wí kì í mẹ́nu bà. Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ iṣẹ́ Jacky Boivin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tí wọ́n kó àbájáde ìwádìí 14 pọ̀, tí obìnrin 3,583 wà nínú wọn, àwọn obìnrin tí dókítà fẹ́ bá mú ẹyin àti àtọ̀ pàdé lóde ara. Wọ́n wo ìdààmú ọkàn tí ó wà lára wọn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wo ẹni tí ó lóyún àti ẹni tí kò lóyún. Ìdààmú náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí ọkàn wọn dàrú lóyún bí àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ ti lóyún.

Ọ̀nà kan tí ó ṣe é fojú rí ju gbogbo èyí lọ, tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba, ni pé ìdààmú máa ń mú kí tọkọtaya jìnnà sí ara wọn. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni àǹfààní oyún fi ń ṣí sílẹ̀ nínú oṣù kan, ọjọ́ tí ẹyin jáde àti ọjọ́ márùn-ún tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ọkọ bá lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnú láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, bí ìyàwó kò bá sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i lọ́sàn-án, bí àwọn méjèèjì bá ti rẹ̀ débi pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ọjọ́ mẹ́fà náà á kọjá lọ láìsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Kò sí họ́mọ̀nù tí a fẹ́ dá lẹ́bi nínú ìyẹn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí másùnmáwo kò lè ṣe rárá, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn "fọkàn balẹ̀" ti ń ṣe ìpalára. Másùnmáwo kì í dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Àrùn ni ó ń dí i: àtọ̀sí, chlamydia, àti àwọn kòkòrò tí ó wọ ilé ọmọ lẹ́yìn ìbímọ tí a kò tọ́jú dáadáa tàbí lẹ́yìn oyún tí ó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àrùn yìí kì í fi àmì kankan hàn títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ ibi wọn tán. Másùnmáwo kì í gbin ìju sínú ilé ọmọ. Kì í ṣe òun ni ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wú nínú àpò kórópọ̀n ọkùnrin. Bí afárá bá ti já, ẹni tí ó wà ní etí odò lè fọkàn balẹ̀ bí ó bá ti wù ú, kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dé òdì-kejì. Obìnrin tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ dí, tí a sì ní kí ó lọ máa sinmi, ọdún ni a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún sì níye lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé lẹ́yìn tí obìnrin bá ti pé ọmọ ọdún 35, àǹfààní náà ń lọ sílẹ̀ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń sọ pé kí tọkọtaya lọ ṣe àyẹ̀wò bí ọdún kan bá ti kọjá láìsí oyún, àti pé kí wọ́n má dúró ju oṣù mẹ́fà lọ bí obìnrin náà bá ti pé 35.

Mo rò pé ìdí tí ìmọ̀ràn náà fi dùn mọ́ wa lẹ́nu ni pé kò náni lówó. Àyẹ̀wò ń náni lówó, ọkọ̀ láti Kétu gba Pobẹ̀ àti Ìsàkété dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń náni lówó, oògùn ń náni lówó. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò náni ní nǹkan kan.

Ibi tí ó sì dùn mí jù nìyí: àwọn tí ó ń sọ pé kí obìnrin má ronú ni ó sábà máa ń kó ìrònú bá a. Níbi ìsọmọlórúkọ kan nínú agbo ilé ọkọ mi, ọmọ ìyàwó kan tí ó dé lẹ́yìn mi ni a fẹ́ sọ lórúkọ. Oyin, iyọ̀, orógbó àti omi wà nínú àwo, àwọn ìyá ilé jókòó sórí ẹní. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pe gbogbo orúkọ tán, àbúrò ìyá ọkọ mi gbé ọmọ náà, ó ní, "Ìyàwó wa, bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n gbé e pọ̀n ọ́, kí tìrẹ lè tẹ̀ lé e wá." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Ó fi ọ̀já gbà mí ní àyà, ó so ó le, ó tún tú u, ó tún un so, nítorí pé ọmọ náà ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ojú ni ó wà lára mi. Mo ń gbọ́ èémí ọmọ náà lẹ́yìn ọrùn mi, ara rẹ̀ gbóná, àyà mi sì ń já. Ohun tí mo ń rò nígbà náà kì í ṣe pé n kò ní ọmọ. Mo ń rò pé àyà mi ń já, wọ́n sì ti sọ fún mi pé àyà jíjá ni kò jẹ́ kí ọmọ dúró, nítorí náà mo tún ti ń ba oṣù yìí náà jẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Obìnrin mìíràn tí ó bá ti wà níbẹ̀ rí á mọ ohun tí mo ń sọ.

Kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi ìyà jẹ mí lọ́jọ́ náà. Ìyá náà fẹ́ràn mi, àdúrà ni ó fi ọ̀já yẹn gbà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n ẹrù tí irú àwọn nǹkan báyìí ń kó lé ènìyàn lórí. Alice Domar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1993, wọ́n fi ìdààmú ọkàn àwọn obìnrin tí ń retí ọmọ wé ti àwọn tí ó ní àìsàn líle mìíràn, wọ́n sì rí i pé ó tó ti àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ so àìrọ́mọbí àti ìdààmú pọ̀, ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni èyí tí ó fi hàn pé àìrọ́mọbí ni ó ń bí ìdààmú. Èyí tí ó lọ sí òdì-kejì wà, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín.

Kétu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Àwa tí a ń wò ó lójú agbo kì í sábà rántí pé orí ọ̀rọ̀ ọmọ ni ìtàn rẹ̀ dúró lé. Ìtàn kan nínú Ifá sọ pé Yewájọbí wà nílé ọkọ, kò rọ́mọ bí, ó sì tọ Ifá lọ. Ifá ní kí ó rúbọ, kí ó gbé ère igi lé orí, kí ó kó ṣaworo irin sí ẹsẹ̀, kí ó sì jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Èfẹ̀, ó sì bí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́. N kò ka ìtàn yìí bí ẹni ń ka ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan méjì nínú rẹ̀. Wọn kò sọ fún Yewájọbí pé kí ó lọ jókòó kí ó má ronú mọ́. Ohun tí yóò ṣe ni wọ́n fún un. Èkejì ni pé láti ìgbà náà títí di òní, àwọn ọkùnrin ni ó ń wọ aṣọ obìnrin, tí wọ́n ń so ọyàn igi mọ́ àyà, tí wọ́n ń gbé ère náà lórí, tí wọ́n sì ń jó nítorí àwọn ìyá. Ìlú tí ọkùnrin rẹ̀ lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní gbangba ọjà, kí ló dé tí ó fi ṣòro fún ọkùnrin kan náà láti gba ìgò kékeré kan lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò, kí a lè yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò?

Agbẹ̀bí kan tí ó ti dàgbà jù mí lọ ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí. Mo ti ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún un: àgbo, ààwẹ̀, àdúrà lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ funfun, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò tí a fi ẹ̀rọ wo inú ikùn. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó wá ní, "Àbúrò mi, ọkọ rẹ dà?" Mo ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Lọ mú un wá. Kí n tó tún fọwọ́ kan ọ, mo fẹ́ rí i." Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí oyún kò tètè dé bá, ọwọ́ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, yálà òun nìkan ni tàbí pẹ̀lú ti ìyàwó rẹ̀, àti pé àyẹ̀wò ti ọkùnrin rọrùn ju ti obìnrin lọ jìnnà.

Ọkọ mi kò fẹ́. Ó bi mí pé, "Ṣé o rò pé n kì í ṣe ọkùnrin ni?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ ni mo wí." Ó pa ọ̀rọ̀ náà tì. Nígbà tí ó tún gbé e dìde fúnra rẹ̀, ó ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ ọ́, ẹni tí ó jẹ́wọ́ fún un pé òun náà ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kí òun tó bí àkọ́bí òun, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ọkùnrin bá lè máa sọ irú nǹkan báyìí fún ara wọn, ẹrù ńlá ni yóò kúrò lórí àwọn obìnrin.

Èsì rẹ̀ fi hàn pé iye àtọ̀ rẹ̀ kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan ṣe ààlà ìsàlẹ̀ nínú ìwé ìlànà wọn ti ọdún 2021, ti ọkọ mi kò sì dé ibẹ̀. Dókítà bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó bi í nípa sọ́dábì, ògógóró ilẹ̀ wa, àti sìgá. Ó sọ fún un pé kórópọ̀n gbọ́dọ̀ tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n bíi 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí àtọ̀ tó lè dá dáadáa, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ẹlẹ́dàá fi gbé e sí ìta, àti pé ẹni tí ó ń jó irin láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru gbọ́dọ̀ máa dìde kúrò nídìí iná lóòrèkóòrè. Ó ní kí ó fi sọ́dábì sílẹ̀ pátápátá, kí ó sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí pé àtọ̀ tuntun máa ń gbà tó ọjọ́ 74 kí ó tó dá tán. Nígbà tí a jáde, ọkọ mi dákẹ́ lórí àga ọkọ̀ títí a fi kọjá Ìsàkété. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bá ọ wí yìí." Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. N kò sí níbẹ̀, n kò sì béèrè ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, ìbéèrè "Ṣé kò tíì sí nǹkan?" kò tún dé ọ̀dọ̀ mi láti agbo ilé wa, mo sì ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá oorun náà yóò mú oyún wá, ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe nítorí oyún ni mo ṣe ń sùn. Ìwádìí fi hàn dáadáa pé bí obìnrin tí ń retí ọmọ bá rí ẹni tí ó lè bá sọ̀rọ̀, yálà olùdámọ̀ràn ni tàbí ẹgbẹ́ àwọn tí ó wà nínú ipò kan náà, ìdààmú rẹ̀ máa ń dín kù. Ẹ̀rí pé ó ń mú kí oyún tètè dé kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a dúró de ẹ̀rí kejì kí a tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ènìyàn tí ó ń jìyà yẹ kí ó rí ìtura, kódà bí ọmọ kò bá tẹ̀ lé ìtura náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ènìyàn kan nínú mẹ́fà ni àìrọ́mọbí ń bá fínra nígbà kan ní ayé rẹ̀. Nínú agbo ilé tí ó bá kún dáadáa ní Kétu, ìyẹn ju ẹnì kan lọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin tí ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa níbi ìkómọ.

Oṣù tí ń bọ̀ ni a óò tún lọ sí Àjàṣẹ́ fún àyẹ̀wò ọkọ mi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Dókítà máa wo bóyá iye àtọ̀ náà ti pọ̀ sí i àti bóyá ó ń rìn bí ó ti yẹ, lẹ́yìn náà ni yóò pinnu bóyá kí èmi náà ya fọ́tò tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ẹyin ṣí. Ìyá ọkọ mi ti fún wa ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ti ènìyàn méjì.